Ẹni Tó Ń Yin Akọni, Ta Ni Yóò Yìn Ín?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní: yinniyinni, kẹ́ni ó lè ṣe mìíràn. Òwe yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán; àṣà ni. Bí onílù bá lùlù tó dùn, ẹni tó ń jó yóò fi owó lẹ̀ ẹ́ níwájú orí. Bí onírárà bá ki ọlọ́jà dáadáa, ọlọ́jà kì í jẹ́ kó padà sílé lọ́wọ́ òfo. Lójú agbo ni wọ́n ti ń ṣe é, níṣojú gbogbo ènìyàn, nígbà tí ohùn ṣì wà lẹ́nu ẹni tó ń pè é. Ṣùgbọ́n apohùn kan wà lóde òní tí kò sí níwájú ẹni tó ń gbọ́ ọ, tí kò sì sí bí a ṣe lè fi owó lẹ̀ ẹ́ lórí. Ẹni náà ni asọ̀rọ̀ lórí eré ìdárayá, tó ń fi ẹnu ya àwòrán pápá fún ẹni tí kò rí pápá.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè l'Ékòó, Nàìjíríà fi àmì ayò 3 sí òdo na Àlùjíríà, ó sì gba Ife-ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Adúláwọ̀. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá 2 wọlé, Múdà Lawal gbá 1. Àwọn tó wà ní pápá fi ojú rí i. Ọ̀pọ̀ ẹni tó wà nílé, ní ìsọ̀ àti nínú mọ́tò, etí ni wọ́n fi wò ó. Láyé ìgbà náà, nínú àwọn tó sọ etí ará ìlú di ojú, òléwájú ni Ernest Okonkwo ti Rédíò Nàìjíríà. Òun ló pe Ọdẹ́gbàmí ní “Mathematical”, nítorí bí ẹni ń ṣe ìṣirò ló ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Christian Chukwu, olórí ikọ̀, di “Chairman”. Adokiye Amiesimaka, tó kọ́ ìmọ̀ òfin, di “Chief Justice”.

Lójú ẹni tó mọ àṣà, oríkì ni ìwọ̀nyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kì í. Oríkì gbọ́dọ̀ bá ìwà ẹni tí a ń kì mu. Ó gbọ́dọ̀ rọrùn fún ẹnu. Ó sì máa ń pẹ́ láyé ju ẹni tó kọ́kọ́ pè é lọ. Okonkwo jáde láyé ní 1990. Nígbà tí Chukwu papòdà ní 2025, “Chairman” náà ni wọ́n fi dárò rẹ̀.

Àwọn kan a máa sọ pé agbábọ́ọ̀lù ló ṣiṣẹ́, pé ẹnu lásán ni asọ̀rọ̀ ní, owó oṣù rẹ̀ sì ti tó o. Ọ̀rọ̀ náà kò tọ̀nà. Bọ́ọ̀lù kì í dúró de ẹnu. Asọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ dá agbábọ́ọ̀lù 22 mọ̀ láti òkèèrè, kí ó mọ ẹsẹ̀ ẹni tí bọ́ọ̀lù wà, apá ibi tó ń lọ àti ìṣẹ́jú tó kù, kí ó sì sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìda etí rú. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kò ṣe é kó mọ́. Ẹrù ẹni tó ń fi Yorùbá sọ ọ́ tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí èdè olóhùn ni Yorùbá. Bí ìkánjú bá mú kí ohùn òkè bọ́ sí ìsàlẹ̀, ìtumọ̀ ti yí padà nìyẹn.

Ní Amẹ́ríkà, láti 1978 ni ilé ìrántí àwọn akọni béésìbọ́ọ̀lù ní Cooperstown ti ń fi àmì-ẹ̀yẹ Ford C. Frick dá asọ̀rọ̀ lórí eré náà lọ́lá. Mel Allen àti Red Barber ló kọ́kọ́ gbà á. Ohun tó yẹ kí ọmọ Yorùbá fiyè sí ni pé wọn kò fi mọ sọ́dọ̀ elédè Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1998, ó kan Jaime Jarrín, ọmọ Ecuador, tó ti ń fi èdè Sípéènì sọ̀rọ̀ lórí eré ẹgbẹ́ Dodgers ní Los Angeles láti 1959. Ní 2001, ó kan Felo Ramírez, ọmọ Kúbà. Jarrín kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ títí di 2022. Ọdún 24 ló tún fi ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n yẹ́ ẹ sí. Ta ló tún ń bèèrè ìtumọ̀ yinniyinni?

Nílẹ̀ Yorùbá, oyè àti àmì-ẹ̀yẹ kò ṣọ̀wọ́n. Ìdájọ́ òdodo ló ṣọ̀wọ́n. Bí a óò bá dá asọ̀rọ̀ lórí eré lọ́lá, ẹnì kọ̀ọ̀kan ni kí a wò, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ rẹ̀, nítorí orúkọ ńlá ilé-iṣẹ́ lè bo ọ̀lẹ mọ́lẹ̀, ó sì lè bo akíkanjú mọ́lẹ̀ pẹ̀lú. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ ni kí àwọn adájọ́ gbọ́, kì í ṣe ìròyìn. Kí àgbà sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wà láàárín wọn, àti olùkọ́ èdè, àti ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù rí. Ó sì yẹ kí ẹnì kan tí kò ríran bá wọn jókòó, nítorí òun gan-an ló lè sọ bóyá ọ̀rọ̀ náà tó fi ríran. Ẹni tí a fẹ́ yìn kò gbọdọ̀ san kọ́bọ̀. Oyè tí a fowó rà kì í ṣe ìyìn. Kí èrè ẹni tó ń fi èdè abínibí ṣiṣẹ́ má sì kéré sí ti elédè Gẹ̀ẹ́sì.

Iṣẹ́ náà kò tóbi ju ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Olùkọ́ lè ní kí àwọn ọmọ gba ohùn asọ̀rọ̀ Yorùbá sílẹ̀, kí wọ́n tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò bí wọ́n ṣe ń tú ìjálá wò. Ibẹ̀ ni ìmọrírì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọjọ́ a kú là ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Ìbáwí ni wọ́n fi òwe náà ṣe. Wọn kò pa á láṣẹ. Ẹni tó ń yin akọni ṣì wà lórí afẹ́fẹ́. Kí a yìn ín nígbà tí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́.