Ọ̀nà Òkè Ìdànrè Kò Gbọdọ̀ Parí Síbi Àtẹ̀gùn

Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ló wà láti ìsàlẹ̀ Òkè Ìdànrè dé ìlú àtijọ́ tó wà lókè. Ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà tí àgbàlagbà lè jókòó sí kó mí díẹ̀, nítorí òkè náà ga, ó sì le.

Fún ará Molútẹ̀hìn ní etí òkun Ìlàjẹ, ibẹ̀ jìnnà. Ọkọ̀ ojú omi ló máa kọ́kọ́ wọ̀ dé Igbókọ̀dá, kó tó wọ mọ́tò gba Òkìtìpupa, Orè, Oǹdó àti Àkúrẹ́ kọjá. Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà ni ibi méjèèjì wà, àmọ́ ilẹ̀ wọn ò jọra. Ní Ìlàjẹ, orí afárá pákó ni wọ́n ń rìn láti ilé dé ilé, òkun sì ń jẹ ilẹ̀ wọlé. Ní Ìdànrè, àpáta ràgàjì ló yí ìlú ká, òmíràn ga tó nǹkan bí 900 mítà ju ojú òkun lọ.

Orí àpáta yìí làwọn ará Ìdànrè gbé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Ààbò ni wọ́n fi òkè ṣe. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba Ìdànrè, àti ilé ẹjọ́ ṣì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ojú ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Agbógun àti omi tí wọ́n ń pè ní Omi Àpáàrá. Ọdún 2007 ni Nàìjíríà fi orúkọ òkè náà ránṣẹ́ sí UNESCO pé kí wọ́n kà á mọ́ ogún àgbáyé.

Lẹ́yìn ìlú àtijọ́, àtẹ̀gùn tán. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tóóró ló kù, tó ń gba àárín koríko àti ẹ̀gbẹ́ àpáta. Àlejò tí kò mú amọ̀nà dání lè ṣìnà. Bí òjò bá ti rọ̀, ojú àpáta á máa yọ̀ bí ara ẹja àrọ̀, ìdí sì nìyí tí ìgbà ẹ̀rùn fi dára jù láti gùn ún. Kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtù, kó wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú, kó sì gbé omi dání. Oòrùn ọ̀sán lórí àpáta kò ṣe é fojú di.

Òkè náà kì í ṣe ti àlejò nìkan: ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tó jẹ́ pé òkè yìí nìkan ni wọ́n ti ń rí i ní gbogbo ayé. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Denmark, Arne Schiøtz, kọ nípa rẹ̀ ní 1963. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá tí àwọn onímọ̀ kò gbúròó rẹ̀, kó tó di pé wọ́n tún rí i ní 2013. Síbẹ̀, igbó ìjọba tó yí òkè náà ká ni àwọn agégẹdú àti àwọn tó ń gbin kòkó ń jẹ wọlé lójoojúmọ́. Ohun tó ń bani nínú jẹ́ ni.

Àpẹẹrẹ tí a lè tẹ̀lé wà. Ní Buea, lórílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, òkè tó ga tó nǹkan bí 4,040 mítà ni àlejò ń gùn, àwọn ọmọ ìlú ló sì ń ṣe amọ̀nà àti alágbàárù fún wọn. Owó iṣẹ́ ń wọlé fún wọn níbẹ̀. Ó yẹ kí ìjọba Oǹdó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìdànrè: kí wọ́n kun àmì sí ojú ọ̀nà tó kọjá ìlú àtijọ́, kí wọ́n gba àwọn ọ̀dọ́ Ìdànrè síṣẹ́ amọ̀nà, kí àwọn ọ̀dọ́ yìí náà sì máa ṣọ́ igbó, nítorí àwọn ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ìró ayùn ẹ̀rọ.