Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Yẹ Kọ́ńgò Wọn Wò

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà tí ọ̀gbẹ́ni kan kọ sójú ewé yìí, tó ní kí àjọ FCCPC fi iléeṣẹ́ Meta, tó ni WhatsApp, Facebook àti Instagram, lọ́rùn sílẹ̀, torí pé bí wọ́n bá bínú kúrò ní Nàìjíríà, àwa oníṣòwò kéékèèké ni ìyà máa jẹ. Àánú wa ló ṣe é, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n aránṣọ ni mí ní Ìyìn-Èkìtì níbí, orí WhatsApp ni mo ti ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi, n kò sì gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni náà kò sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, WhatsApp kéde àdéhùn tuntun lórí ohun tí wọ́n máa fi ìsọfúnni wa ṣe. Ẹni tó bá gbà, kó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kò bá gbà, kó wábi gbà. Ní oṣù karùn-ún ni FCCPC, àjọ tó ń rí sí ìdíje àti ẹ̀tọ́ oníbàárà, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, oṣù 38 ni wọ́n sì fi ṣe é. Ní ọjọ́ 19, oṣù keje, ọdún 2024, wọ́n ní kí Meta san owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là. Lára ohun tí wọ́n sọ pé àwọn rí ni pé ẹ̀tọ́ tí àwọn ará Yúróòpù ní lórí ìsọfúnni wọn, Meta kò fún ọmọ Nàìjíríà ní irú rẹ̀. Meta pẹjọ́. Ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà dá FCCPC láre ní ọjọ́ 25, oṣù kẹrin, ọdún 2025. Kò pẹ́ sígbà náà ni ìròyìn gbé e pé Meta kọ ọ́ sínú ìwé ẹjọ́ pé ó lè di dandan kí àwọn ti Facebook àti Instagram pa lórílẹ̀-èdè yìí. Wọn kò dárúkọ WhatsApp tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ló kó ọ̀gbẹ́ni náà láyà jẹ. Kó fara balẹ̀. Ní ọdún 2022, iléeṣẹ́ yìí kan náà kọ ọ́ sínú ìwé ọdọọdún wọn pé ó ṣeé ṣe kí àwọn má lè ṣe Facebook àti Instagram mọ́ ní Yúróòpù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, wọ́n bu owó ìtanràn bílíọ̀nù 1.2 yúrò lé wọn lórí níbẹ̀. Meta ṣì wà níbẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2024, oṣù kan náà tí tiwa ṣẹlẹ̀, wọ́n gbà láti san bílíọ̀nù 1.4 dọ́là fún ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà. Wọn kò kẹ́rù kúrò ní Texas. Bí ìyálọ́jà bá ní òun fẹ́ yẹ kọ́ńgò wò ní Ọjà Ọba l'Ádó, tí alátẹ kan ní bó bá rí bẹ́ẹ̀ òun á palẹ̀ mọ́, kí ló yẹ kéèyàn rò nípa ìdí kọ́ńgò rẹ̀?

Ọ̀gbẹ́ni náà tún ní ìdíje ló ń tún ọjà ṣe, pé kí ìjọba yọwọ́. Ìdajì òótọ́ nìyẹn. Nígbà tí fóònù GSM dé ní 2001, owó ìṣẹ́jú kan odindi lèèyàn ń san, bí kò tilẹ̀ sọ ju “Ẹ pẹ̀lẹ́ o” lọ. Àwọn iléeṣẹ́ fóònù tó wà nígbà náà ní kíka owó ní ìṣẹ́jú àáyá kò tíì ṣeé ṣe. Iléeṣẹ́ Glo dé ní 2003, ó sì kà á ní ìṣẹ́jú àáyá. Àwọn tó kù tẹ̀lé e. Ìdíje ló ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ta ló fún Glo ní ìwé àṣẹ? NCC, àjọ tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀, ni. Ta ló sì pa á láṣẹ ní ọdún 2013 pé oníbàárà lè gbé níńbà rẹ̀ láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan lọ sí òmíràn? NCC náà ni. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò.

Nítorí àṣẹ yẹn, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan bá tán mi ní sùúrù lónìí, mo lè gbé níńbà mi lọ síbòmíràn, oníbàárà mi n'Ígèdè kò sì ní mọ̀ pé mo kúrò. WhatsApp kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n àyà àti ìbàdí àwọn oníbàárà mi, àwòrán aṣọ ẹbí, gúrúùpù ìdílé, gúrúùpù ẹgbẹ́ aránṣọ, ibẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Bí mo bá lọ síbòmíràn, èmi nìkan ni mo máa pàtẹ síbẹ̀. Ìdíje wo ló fẹ́ gbà mí níbi tí kò ti sí ọjà kejì?

Kí wọ́n má ṣì mí gbọ́ o. N kò ní kí ìjọba máa ti ìlẹ̀kùn mọ́ wa. Nígbà tí wọ́n fòfin de Twitter láti oṣù kẹfà ọdún 2021 di oṣù kìíní ọdún 2022, àwa oníbàárà ni wọ́n fìyà jẹ. Owó ìtanràn náà kọ́ ló sì ń dùn mọ́ mi, torí kò ní dé sọ́ọ̀bù mi. Ohun tí mo fẹ́ ni àṣẹ tó bá a rìn: pé kí Meta dá ẹ̀tọ́ yíyàn padà fún wa, kí wọ́n má sì pín ìsọfúnni wa kiri láìgbàṣẹ. Kí ẹnikẹ́ni má sì pe èyí ní ọ̀rọ̀ Àbújá. Nígbà tí ìwádìí bẹ̀rẹ̀, ọmọ Ìyìn, Ọ̀túnba Níyì Adébáyọ̀, ni mínísítà okòwò, abẹ́ iléeṣẹ́ rẹ̀ ni FCCPC wà.

Ó ku iṣẹ́ kan. Láti oṣù kẹta ọdún 2024, òfin ilẹ̀ Yúróòpù kan fi dandan lé e pé kí WhatsApp ṣílẹ̀kùn fún iléeṣẹ́ mìíràn tó bá bèèrè, kí ẹni tó wà lórí tibí lè kọ̀wé sí ẹni tó wà lórí tọ̀hún. Mo bẹ FCCPC, NCC àti àwọn aṣòfin wa, ẹ ṣe irú rẹ̀ fún wa. Ẹ ti jẹ́ kí n lè gbé níńbà mi lọ. Ẹ jẹ́ kí n lè máa bá oníbàárà mi sọ̀rọ̀ bí mo bá lọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Aránṣọ kan, Ìyìn-Èkìtì.