Lẹ́tà Gbangba sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Òǹdó Lórí Oorun Àwọn Ará Ọ̀wọ̀

Sí Ọlọ́lá Jùlọ, Gómìnà Lucky Aiyedatiwa,
Ilé Ìjọba, Àkúrẹ́.

Nítorí àwọn ará Ọ̀wọ̀ tí oorun ti dá lójú wọn ni mo ṣe kọ̀wé yìí.

Ọjọ́ 5 oṣù Òkúdù 2022, Ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, ni àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis Xavier, tí wọ́n yìnbọn, tí wọ́n sì ju àdó olóró sáàárín olùjọsìn. Ó kéré tán, 40 ènìyàn ló bá a lọ. A ti sin òkú, ọgbẹ́ ọ̀pọ̀ sì ti jinná. Ṣùgbọ́n ẹni tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣojú ẹ̀ lè sùn fún wákàtí kan, kó ta gìrì jí, kí òógùn ti bò ó, kí àyà rẹ̀ máa lù kìkì. Bí ọmọdé bá yin báńgà lásìkò Kérésì, á ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni ejò ti bù jẹ rí, bó rí ekòló á sá. Ẹlòmíràn tiẹ̀ ń fọwọ́ ara rẹ̀ lé oorun lọ, nítorí àlákálàá tó mọ̀ pé ó ń dúró de òun.

Ta ni irú èyí bá tí kò ní ra ohunkóhun tí wọ́n bá ní yóò fún un lóorun? Òróró CBD ni wọ́n ń polówó lórí fóònù báyìí, nínú ìgò kékeré, pé kéèyàn kán díẹ̀ sábẹ́ ahọ́n. Inú igbó tí àwọn kan ń mu ni CBD ti ń wá, àmọ́ kì í pa ènìyàn bí ọtí. THC, èròjà mìíràn nínú igbó, ló ń ṣe ìyẹn.

Igbó kì í ṣe àjèjì ní ìpínlẹ̀ wa. Ní oṣù Èbìbí 2019, olóògbé Gómìnà Rótìmí Akérédolú, ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀, àti ọ̀gá àgbà NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, lọ sí Thailand láti wo bí wọ́n ṣe ń gbin igbó fún oògùn. Owó tó lè wọlé ni ọ̀rọ̀ ìgbà náà dá lé. Mi ò ní kí ìjọba má wá owó, àmọ́ aláìsàn ló yẹ kó ṣíwájú.

Ọdún 2018 ni àjọ FDA ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn CBD fún oríṣi warapá líle méjì. Ní ti oorun, wọn ò tíì fọwọ́ sí i. Ìwádìí kan láti Colorado, tó jáde ní 2019, wo aláìsàn 72 tí àníyàn tàbí àìróorunsùn ń bá fínra, tí wọ́n fún ní CBD. Oorun ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn sàn sí i lóṣù àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò dúró sójú kan lẹ́yìn náà, kò sì sí àwọn tí wọ́n fún ní oògùn irọ́ tí kò ní CBD nínú láti fi wé wọn. Ìgò náà fúnra rẹ̀ ló bà mí lẹ́rù jù. Ìwádìí kan tó jáde ní 2017 yẹ oríṣi ọjà CBD 84 tí wọ́n rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wò: 26 péré ni ohun inú wọn bá ohun tí wọ́n kọ sára ìgò mu, 18 sì ní THC nínú. THC yìí lè dá kún ìbẹ̀rù ẹni tí ìbẹ̀rù ti ń pa tẹ́lẹ̀. CBD pàápàá lè yọ ẹ̀dọ̀ lẹ́nu. Níwọ̀n bí òfin sì ti ka igbó léèwọ̀, ẹni tó ń lá òróró náà á máa fi pamọ́ fún dókítà rẹ̀.

Sà, ìtọ́jú tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ wà: kí ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ jókòó ti aláìsàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó ràn án lọ́wọ́ láti sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí títí yóò fi lè sọ ọ́ láìgbọ̀n, kó sì kọ́ ọ bí yóò ṣe tún máa sùn. Ẹ gba irú àwọn olùtọ́jú bẹ́ẹ̀ sí Ọ̀wọ̀ gan-an, kí aláìsàn má baà máa wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kí Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn tó wà nílùú Òǹdó gbàṣẹ lọ́wọ́ NAFDAC tó ń bójú tó oògùn àti NDLEA, kí wọ́n dán CBD wò lára àwọn tó bá yọ̀ǹda ara wọn, kí wọ́n fún àwọn kan ní ojúlówó, kí wọ́n fún àwọn yòókù ní oògùn irọ́, kí wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde, ì báà dára, ì báà má dára.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi owó àwọn olùtọ́jú Ọ̀wọ̀ sínú ìsúná tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan lórí oko igbó.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Ìpínlẹ̀ Òǹdó kan.