Kẹ́ ẹ tó ra template aṣọ ẹbí yẹn, ẹ wo fọ́múlà inú rẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bá ìyàwó gba owó aṣọ ẹbí, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ. Ẹ jókòó. 🧵

Wọ́n ń ta template Notion kiri báyìí fún iṣẹ́ yìí. Àwọ̀ rẹ̀ rẹwà, mi ò jiyàn. Àmọ́ ẹ ṣí i wò: column mẹ́ta péré ló wà fún owó, "Sísan 1", "Sísan 2", "Sísan 3". Ṣé ẹ mọ àwọn èèyàn wa ṣá? Ẹlòmíì á san ₦5,000 lónìí, ₦2,000 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, títí á fi di ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ibo lẹ fẹ́ kọ ìyókù sí?

Database méjì ló yẹ kó wà. Ọ̀kan fún àwọn èèyàn, ọ̀kan fún owó tó ń wọlé. Gbogbo owó, bó ti wù kó kéré tó, kó ní ìlà tiẹ̀. Ẹ fi relation so ó mọ́ ẹni tó san án. Ẹ wá kọ èyí sọ́dọ̀ àwọn èèyàn:

prop("Ìsanwó").filter(current.prop("Wọlé")).map(current.prop("Iye")).sum()

Ẹ má sá 😂. Ẹ rántí bí tíṣà ṣe máa ń pe rẹ́jísítà. "current" ni ẹni tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́. "map" ń gba iye owó lọ́wọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, "sum" á rò ó pọ̀. Ìlà 2 o, ìlà 20 o, fọ́múlà kan náà ni. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye aṣọ, gbèsè ló kù yẹn.

Ẹnì kan á ní rollup náà lè ṣe é. Tó bá jẹ́ àròpọ̀ lásán, òótọ́ ni. Òun la ń lò kó tó di September 2023 tí Notion gbé fọ́múlà tuntun jáde. Àmọ́ torí "filter" ni mo ṣe ń pariwo. "Wọlé" ni checkbox tẹ́ ẹ máa fi àmì sí tẹ́ ẹ bá ti rí owó nínú àkáǹtì gan-an, kì í ṣe screenshot o. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé fake alert pọ̀ nílùú. Ìlà tí kò bá ní àmì, fọ́múlà á fò ó kọjá. Rollup á kàn ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, àtòótọ́ àtirọ́.

Kí filter ṣáájú map o. Tí map bá ti ṣiṣẹ́ tán, nọ́ńbà lásán ló kù, nọ́ńbà kò sì ní "Wọlé" lára.

Ẹ wò ó, ká máa dárúkọ ẹni tó ti san tán mọ́ àwọn onígbèsè nínú group WhatsApp, ọ̀rẹ́ ọdún mẹ́wàá lè tibẹ̀ tú ká. Kò sí àwọ̀ tó lè tún ìyẹn ṣe.

Torí náà, ẹ bi ẹni tó ń ta template fún yín: "Tẹ́nì kan bá san ẹ̀ẹ̀meje ńkọ́?" Tó bá ní kẹ́ ẹ fi column mẹ́rin kún un, ẹ mú owó yín dání.