Ernesto Djédjé àti Ọwọ́ Yorùbá Nínú Orin Rẹ̀

Ẹni tí ó bá wọ ọjà Adjamé ní ìlú Abidjan kò níí rìn jìnnà kí ó tó gbọ́ èdè Yorùbá. Láti ayé àwọn Faransé ni àwọn ọmọ Èjìgbò àti àwọn ará ìlú mìíràn nílẹ̀ wa ti ń ṣòwò ní Côte d'Ivoire. Àwọn kan a máa sọ pé èrè nìkan ni wọ́n bá lọ, pé wọn kò fi ohun kan kún ilé tí ó gbà wọ́n. Orin Ernesto Djédjé já irọ́ náà.

Ọmọ Bété ni Djédjé, ará Tahiraguhé lẹ́bàá Daloa. Ó ta gìtá nínú ẹgbẹ́ Ivoiro-Star ti Amédée Pierre kí ó tó ré kọjá sí ilẹ̀ Faransé, níbi tí òun àti Manu Dibango, ọmọ Kamẹrúùnù, ti jọ ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó padà wálé, rọ́ḿbà Kóńgò ni ó gba ilé ijó kan. Djédjé mú tohourou, ìlù àwọn baba rẹ̀, ó fi gìtá àti fèrè kún un, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní ziglibithy.

Ta ni ó náwó sí i? Raïmi Gbadamassi ni, oníṣòwò àwo orin tí Abidjan mọ̀ sí Badmos. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí kò nílò kí a túmọ̀ orúkọ náà fún yín. Èkó ni wọ́n sì ti gba ohùn Ziboté sílẹ̀ ní 1977, ọdún FESTAC, nígbà tí afrobeat Fela gba ìgboro. Ẹni tí ó bá fetí sí bí fèrè àti gìtá ti ń dá ara wọn lóhùn nínú àwo náà yóò mọ̀ pé Djédjé kò di etí rẹ̀ nígbà tí ó dé Èkó.

Ológe ni, ẹwù rẹ̀ a máa dán, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sì í sinmi lórí pèpéle. Ẹni tí ó bá pe èyí ní fáàrí lásán kò rò ó dáadáa. Ní ìlú tí Faransé ti jẹ́ èdè ọlá, ọkùnrin yìí wọ aṣọ tí ó dára jù lọ ní gbọ̀ngàn, ó sì fi èdè Bété kọrin.

Ó kú lójijì ní Yamoussoukro ní ọjọ́ 9, oṣù kẹfà, 1983, kò tíì pé ẹni ogójì ọdún. Àhesọ májèlé kò tíì kúrò nílẹ̀. Blissi Tebil àti Luckson Padaud wà lára àwọn tí ó tọ ipa rẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 1983 yẹn kan náà ni ìjọba Nàìjíríà lé àwọn àlejò lọ, tí ọmọ Ghana pọ̀ jù nínú wọn. Ní ẹ̀wádún tí ó tẹ̀ lé e, Côte d'Ivoire náà gbé ọ̀rọ̀ “ivoirité” dìde. Kí àwọn olóṣèlú ilẹ̀ méjèèjì dáhùn: bí wọ́n bá ti ti ẹnubodè ní 1977, ta ni ìbá gbọ́ Ziboté?

Iṣẹ́ kan kù fún àwọn ará wa ní Adjamé. Àwọn òyìnbó ń ra àwo àtijọ́ Áfíríkà kiri, owó gidi ni wọ́n sì ń san. Kí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Abidjan wá àwọn àwo Badmos jáde nínú àpótí àwọn àgbà, kí wọ́n kọ ohun tí àwọn àgbà náà rántí sílẹ̀, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún yìí.