Ikú Ha Yá Ju Ẹ̀sín Bí?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n, ọ̀rọ̀ tí a mú wá yìí kì í ṣe èyí tí a máa ń sọ sókè. Ní àdúgbò Ẹnu Ọ̀wá, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bí ọ̀dọ́ kan bá gbẹ̀mí ara rẹ̀, a ó gbọ́ pé àìsàn kékeré ni, tàbí pé ayé ló ṣe é. Ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀. Agboolé ibẹ̀ fara kan ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí a ń gbọ́ ikọ́ aládùúgbò wa. Ìbànújẹ́ rẹ̀ ni a kì í gbọ́.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn tí ń kú ikú yìí lọ́dọọdún lé ní 720,000. Ní ọdún 2021, òun ni ó ṣe ipò kẹta nínú ohun tí ó pa àwọn ẹni ọdún 15 sí 29. Ọ̀rọ̀ ìlera ìlú ni, gẹ́gẹ́ bí ibà àti ikọ́ ẹ̀gbẹ.

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. A kò fẹ́ bá àgbà jiyàn, ṣùgbọ́n lójú tiwa, ọ̀rọ̀ jagunjagun àti ìjòyè ni èyí. Ta ni ó gbé e ka orí ọmọ ọdún 18 tí ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, tàbí tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn? Àwa mọ ẹni tí ó kùnà lẹ́ẹ̀mejì tí ó sì di olùkọ́.

Òfin pàápàá fi kún ìtìjú náà. Ìwé òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún wa ní 1916 ka ẹni tí ó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ sí arúfin, ẹ̀wọ̀n ọdún kan sì ni ìjìyà rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fagi lé tiwọn ní 1961. Àwa di tiwa mú. Ní 2011 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sọ pé ilé ìwòsàn ni kí adájọ́ rán irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ṣì pè é. Ó sàn díẹ̀. Síbẹ̀, ìyá wo ni yóò ké gbàjarè, bí ọ̀nà ilé ìwòsàn bá gba àgọ́ ọlọ́pàá kọjá?

Láti 1907 ni ilé ìtọ́jú ọpọlọ ti wà ní Yábàá, ṣùgbọ́n wèrè ni àdúgbò ń pe ẹni tí ó bá yà síbẹ̀. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé bí a bá bi ẹni tí ó sorí kọ́ léèrè bóyá ó ń ro ikú, a ti kọ́ ọ ní i nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣègùn ti rí i pé ìbéèrè náà kì í gbin èrò náà síni lọ́kàn. Ó máa ń fún ẹlòmíràn láyè láti mí.

Nítorí náà, nígbà tí a bá ń ka èsì ìdánwò ní òpin sáà yìí, a bẹ̀ yín, ẹ má ṣe pe orúkọ ẹni tí ó gbẹ̀yìn sókè níwájú gbogbo kíláàsì. Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, ẹ bi í bí oorun rẹ̀ ti ń rí, kí ẹ sì jókòó gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.