Ẹ̀jẹ́ Tó Wà Lórí Pẹpẹ

Nínú ilé ìdáná ìyá mi, pẹpẹ kan wà lókè ààrò tí wọ́n fi amọ̀ mọ mọ́ ògiri. Ibẹ̀ ni ìyá wa ń kó ohun tí kò fẹ́ kí ọwọ́ wa kàn sí: ẹja gbígbẹ, iyọ̀, àgúnmu. Bí ó bá fẹ́ mú nǹkan níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò nawọ́. Ṣùgbọ́n bí akèrègbè bá dọ̀tí nínú, tí ẹnu rẹ̀ sì há, àwa ọmọ ni yóò pè, nítorí ọwọ́ tiwa ló ń wọlé. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ fojú rí òwe tí àwọn àgbà ń pa, pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Òwe yìí ló sọ sí mi lọ́kàn láìpẹ́ yìí nígbà tí mo mú ọmọ mi obìnrin dé ilé-ìwé. Ọmọ ọdún méje ni. Wọ́n ti tò sórí ìlà, wọ́n dúró ṣánṣán, wọ́n ń ka ẹ̀jẹ́ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Olùkọ́ kan ń rìn láàárín ìlà pẹ̀lú pàṣán. Ọmọkùnrin kan tí kò la ẹnu jẹ ẹgba kan lẹ́sẹ̀. Nígbà tí mo lọ mú ọmọ mi wálé lọ́sàn-án, ó bi mí pé, "Dádì, ṣé ẹ̀yin náà máa ń kà á níbi iṣẹ́?" Mo ní rárá. Ó tún ronú díẹ̀. "Ta ló wá ń nà yín?"

Obìnrin ọmọ Yorùbá ló kọ ẹ̀jẹ́ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Felicia Adébọ́lá Adédoyin, tó jáde láyé ní ọdún 2021. Inú ìwé ìròyìn Daily Sketch ló ti kọ́kọ́ gbé èrò náà jáde ní oṣù keje ọdún 1976. Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tó ń ṣàkóso nígbà náà, tún àwọn ibì kan ṣe nínú rẹ̀, ó sì pàṣẹ pé kí àwọn ilé-ìwé máa kà á láti oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn. Ogun abẹ́lé kò tíì parí ju ọdún mẹ́fà lọ. Oṣù kejì ọdún kan náà ni wọ́n sì pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed. Ìlú ń wá okùn tí yóò fi so ara rẹ̀ pọ̀.

Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé oṣù kẹsàn-án yẹn gan-an ni ìjọba àpapọ̀ ṣí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Ẹ wò ó bí ó ti bá òwe wa mu. Àgbà nawọ́ sókè, ó gbé ilé-ìwé wálẹ̀ fún ọmọ. Ọmọ náà ki ọwọ́ bọ akèrègbè, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́. Mi ò rí àléébù kankan nínú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Lónìí, àjọ UNICEF sọ pé ọmọ Nàìjíríà tí kò sí nílé-ìwé lé ní mílíọ̀nù 10. Ẹ̀jẹ́ ọmọ ṣì wà níbẹ̀ ní àràárọ̀. Ọwọ́ àgbà ni kò nà mọ́.

Ohun tí ọmọ ń ṣèlérí kò sì kéré: pé òun yóò jẹ́ olóòótọ́ sí orílẹ̀-èdè, pé òun yóò fi gbogbo agbára òun sìn ín, pé òun yóò gbèjà ìṣọ̀kan rẹ̀, pé òun yóò gbé iyì rẹ̀ ró. Ó wá fi orúkọ Ọlọ́run dì í. Ìbúra gidi nìyẹn. Nílẹ̀ wa, àgbà ni í búra. Ẹni tó bá fi ẹnu kan irin Ògún ti mọ ohun tó ń dúró dè é bí ó bá ṣèké. Òfin ìjọba pàápàá mọ èyí. Abala 209 nínú òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 sọ pé bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 bá wá jẹ́rìí ní kóòtù, wọn kò gbọdọ̀ mú un búra. Bí adájọ́ bá ti rí i pé ọmọ náà lóye, kí ó kàn sọ òótọ́ tó mọ̀. Ọmọ ọdún méje tí òfin kò jẹ́ kó búra lórí ewúrẹ́ tí wọ́n jí gbé, òun là ń mú búra ní àràárọ̀ lórí gbogbo Nàìjíríà.

Ọ̀rọ̀ ìgbèjà yẹn ló máa ń dùn mí jù. Lóru ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2014, wọ́n kó ọmọbìnrin 276 lọ láti ilé-ìwé wọn ní Chibok, ní ìpínlẹ̀ Borno. Ilé-ìwé ìjọba ni. Wọ́n ti dàgbà lórí ẹ̀jẹ́ yẹn, wọ́n ti fi ẹnu ara wọn ṣèlérí ìgbèjà. Orílẹ̀-èdè tó ní ọmọ ogun, tó ní ọlọ́pàá, tó ní owó epo, tí ọwọ́ rẹ̀ tó pẹpẹ dáadáa, kò gbèjà wọn lóru ọjọ́ náà. Mo bí ọmọbìnrin. Mi ò lè gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ kí n má rántí wọn.

Ti ọmọkùnrin tí kò la ẹnu ńkọ́? Mi ò mọ ìdí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n. Ó lè jẹ́ pé ọmọ Ẹlẹ́rìí Jèhófà ni. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní ọdún 1940 pé ilé-ìwé lè lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí kò bá kí àsíá. Nígbà tó di ọdún 1943, tí ogun àgbáyé ṣì ń lọ lọ́wọ́, ilé-ẹjọ́ kan náà yí ìdájọ́ yẹn padà, lórí ẹjọ́ tó wá láti West Virginia: kò sí ìjọba tó lè fi ipá mú ọmọ jẹ́wọ́ ohun tí ọkàn rẹ̀ kò gbà. Ní Íńdíà, ilé-ìwé kan ní Kerala lé ọmọ ìyá mẹ́ta tí wọ́n dìde dúró tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ àmọ́ tí wọn kò kọ orin orílẹ̀-èdè. Ní 1986, ilé-ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ ní kí wọ́n gbà wọ́n padà. Ìwé òfin tiwa ní kí ọmọ ìlú bọ̀wọ̀ fún ẹ̀jẹ́ náà. Ọmọ tó dúró jẹ́ẹ́ láì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ti bọ̀wọ̀. Pàṣán kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Síbẹ̀, mi ò fẹ́ kí a pa ẹ̀jẹ́ náà tì, nítorí akèrègbè. Nígbà tí ìjọba pa orin orílẹ̀-èdè dà ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, àwọn ọmọ ti há a sórí kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó mọ ìlà kejì. Kì í ṣe ìrántí nìkan. Ọmọ ọdún méje máa ń gba ọ̀rọ̀ gbọ́ bí ó bá ṣe gbọ́ ọ. Àgbà tí ojú rẹ̀ ti rí ìdìbò lórí ìdìbò kò lè gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́; ọwọ́ rẹ̀ ti tóbi ju ẹnu akèrègbè lọ. Ìdí nìyí tí ohun tí a bá fi sí ọmọ lẹ́nu fi gbọ́dọ̀ yé e. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa, títí kan Gẹ̀ẹ́sì. Kí ló wá dé tí ẹ̀jẹ́ tó wúwo tó báyìí kò fi lè wà ní èdè tí ọmọ fi ń lá àlá? Kí olùkọ́ fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko ṣàlàyé ìṣòótọ́ fún wọn: kí o dá pẹ́ńsù tí o rí he padà fún ẹni tó ni ín. Kí a fi ìbúra dúró di ìgbà tí ọmọ bá pé ọdún 14, kí ó sì jẹ́ ẹni tó bá fẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi àti ọmọ mi jókòó ti tábìlì, a tú ẹ̀jẹ́ náà sí Yorùbá. Ó ka ti Gẹ̀ẹ́sì, mo ka tiwa. Nígbà tí mo dé ibi ìgbèjà, ó ní kí n dúró. Ó ní ta ni mo fẹ́ gbèjà. Mo ní ọmọ tí wọ́n nà lẹ́sẹ̀ láàárọ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé.